Ẹni Tó Bá Rí I Ló Láṣẹ

Àkọ́bí mi,

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Bàbá rẹ dá gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá tí mo gbaṣẹ́ sí dúró lónìí!

Mo rí àfọ́kù nínú ìgò tá a fẹ́ rọ omi sí, mo bá tẹ bọ́tìnnì pupa. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọ̀gá wa, ọ̀dọ́bìnrin tí kò ju àbúrò rẹ lọ, sáré dé.

"Ta ló dá a dúró?"

"Èmi ni."

Ó wo ìgò náà, ó pàtẹ́wọ́. "Baba, ojú yín mà ríran o! Níbí, ẹni tó bá rí i ló láṣẹ."

Irú àfọ́kù yìí náà lo rí lọ́jọ́ tí o dá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ omi tiwa dúró, tí mo ní, "Èmi àti ìwọ, ta lọ̀gá?" tí mo sì lé ọ dà nù. Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Mo ti ní kí ìyá rẹ kó kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ wa fún ọ. Padà síbẹ̀, má sì dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi.

Ara mi le koko. Bàtà nìkan ni kì í fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wa náà, kí o sì fi bọ́tìnnì pupa han ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bàbá rẹ