Mufu Onírin, Alhaja, àti Àna Tó Ń Bínú

Bàbá mi, ẹni tó sọ Mufu Onírin lórúkọ,

Orí àtẹ̀gùn ilé kan ní Sùúrùlérè ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí sí yín. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Tó bá di aago mọ́kànlá, wọ́n á pè mí wọlé, màá jókòó nídìí máìkì, màá sì fi ẹnu ara mi sọ fún àwọn èèyàn pé Mufu ti kú. Bí mo bá sọ ọ́ tí kò wọ̀ wọ́n lára, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá sì sọ ọ́ tó wọ̀ wọ́n lára, ṣé ẹ̀yin á dárí jì mí?

Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé, torí ọdún kejì rèé tí a ti sin yín, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ohùn Yorùbá sí fíìmù òyìnbó ni mo wà báyìí. Èmi ni mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, èmi náà ni mò ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá wa, Àǹtí Bísí, gbé iṣẹ́ tuntun kan jáde, fíìmù alápá mẹ́tàlá, pé òun la máa ṣe. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo rí obìnrin kan tó fi aṣọ funfun wérí, tó jókòó nídìí ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá mi, Alhaja ni. Alhaja wa gan-an.

Ṣé ẹ rántí bí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Oníbàárà kan ló gbé àga mẹ́ta wá sí ìsọ̀ yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ fóòmù àti aṣọ wọn. Abẹ́ fóòmù àga kejì lẹ ti bá kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá nínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tó wá kó àga rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ òun ló tọ́jú wọn síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé, ká máa wò ó. Bí Alhaja ṣe wọ inú ayé wa nìyẹn.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé wa á tú wá sínú ìsọ̀. Orí àga oníbàárà ni wọ́n á jókòó sí, ẹ̀yin á sì máa kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da epo sórí aṣọ tuntun. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í jókòó. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ máa ń dúró sí, abẹ́rẹ́ gígùn tí ẹ fi ń rán àga á wà nínú fìlà yín. Ẹ ó dín ohùn òyìnbó kù, ẹ ó wá máa túmọ̀ fún wa.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Alhaja ni obìnrin yẹn, torí aṣọ funfun tó fi wérí. Ọkùnrin tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin, Mufu lẹ pè é, torí ó ń rìn bíi Mufu tó ń ta bàtà níwájú ilé wa, bí ẹni pé orúnkún rẹ̀ ń bá a jà. Ẹranko abìyẹ́ ńlá onírù méjì tó ń lé ọkọ̀ wọn kiri láàárín ìràwọ̀, ẹ ní àna Alhaja ni. Ẹ ní àbúrò Alhaja ló fẹ́, ìjà dé, ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ wálé, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan nínú ọkọ̀ tí wọn kì í ṣí. Ni Àna bá ń bọ̀ wá gba ìyàwó rẹ̀. Gbogbo iná tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu àna tí wọn ò fún ní àga jókòó ni.

A máa ń jiyàn lé wọn lórí títí Sọ́ńdè mìíràn á fi dé. Ìyá Risi ti yàrá kejì ní Mufu ò lè kírun, torí omi àlùwàlá á mú kó dípẹtà. Ẹ ronú díẹ̀, ẹ ní iyẹ̀pẹ̀ ni yóò fi ṣe é, pé tàyámọ́mù wà fún ẹni tí omi léwu fún. Gbogbo ìsọ̀ hó yèè. Èmi ní kí Alhaja fẹ́ Mufu. Ẹ ní obìnrin tó ń wa irú ọkọ̀ yẹn ò lè fẹ́ ẹni tí iná ojú rẹ̀ ń kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ Ìyá Risi nìkan ni kì í dá sí i. Akọ̀wé ni, ó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Á kàn máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀, á máa wò yín.

Títí dòní ni mo ṣì ń bá ara mi jiyàn náà nìṣó. Bí Mufu bá ń gbé àdúgbò wa báyìí, ta ni á máa bá a da epo sí jẹnẹrétọ̀? Bí wọ́n bá bẹ Àna lórí fóònù, ṣé á gbà, àbí á ní àfi kí wọ́n wá sílé? Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń fọ abọ́.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bí agbára Mufu bá tán, iná aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ á kú, àwa ọmọdé á sì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin á kàn sọ pé, "Wọ́n mú iná lọ ni." Gbogbo ìsọ̀ á dáhùn pé, "Wọ́n á mú un wá." Kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi mú un wá lóòótọ́, ojú Mufu á tàn, àwa náà á nu ojú wa nù.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn, gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ti ń gùn mí. Kásẹ́ẹ̀tì kejìlá la wà. Ẹ ní Àna ti ránṣẹ́ pé òun ń kó àwọn àgbà ìdílé òun bọ̀. Mo dìde láàárín èrò, mo ní irọ́ ni. Mo ní kò sí àna kankan níbẹ̀, pé òkúta kan tí oòrùn fi ń tàn ni wọ́n tì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹranko yẹn sì ni olùṣọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ ò nà mí. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú fìlà, ẹ ní kí n wá máa túmọ̀ ọ́ nígbà náà.

Mo túmọ̀ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ òkúta, mo sọ̀rọ̀ oòrùn, kò sí ibi tí mo ti ṣì í. Kó tó dé ìdajì, Ìyá Risi rántí pé òun gbé ẹ̀wà kaná. Ẹlòmíràn rántí ọmọ. Sọ́ńdè kejì, èèyàn mẹ́ta péré ló wá wo kásẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Iná ojú Mufu kú, kò tàn mọ́. Mo ní, "Ó ti kú." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀yin ń kan ìṣó mọ́ ẹsẹ̀ àga lẹ́yìn wa, ẹ ò gbójú sókè. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò túmọ̀ fíìmù fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Mi ò bẹ̀ yín títí ẹ fi lọ. Ó ń dùn mí, Bàbá, ó ń dùn mí gan-an. Nígbà tí ẹ wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri, fíìmù òyìnbó ló ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ń wò ó, èmi ń wò yín. Ó dé ẹnu mi pé kí n bi yín, Bàbá, kí ni wọ́n ń sọ? Ojú tì mí. Mo ní kẹ́ ẹ lo oògùn yín, ẹ sì lò ó.

Wọ́n ní aṣeni ń ṣe ara rẹ̀. Kí a tó ká ohùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, Àǹtí Bísí máa ń pe àwọn àgbà tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jókòó, èmi á máa sọ̀rọ̀ lórí àwòrán níṣojú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń yán. Ìgbà kejì, bàbá kan hanrun. Àǹtí Bísí ní Yorùbá mi mọ́, kò lábùkù, àmọ́ bí ìwé ìdánwò ló ṣe ń dún. Òní ni ìgbà kẹta, apá tó kẹ́yìn la sì máa wò. Bí wọ́n bá tún sùn lónìí, ọkùnrin kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló máa gba iṣẹ́ náà.

Méjì nínú àwọn àgbà ní àwọn ò lè wá, ni mo bá ránṣẹ́ pe Ìyá Risi láàárọ̀. Mi ò sọ irú fíìmù tó jẹ́ fún un. Mo ti ń kábàámọ̀ ọ́ báyìí. Ẹni tó sá fún mi nígbà yẹn, ṣé ó tún yẹ kí n pè é wá jókòó? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára mi báyìí, ó ń fi ọ̀pá gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ní ṣé lẹ́tà ọkọ ni mò ń kọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Wọ́n ń pè mí.

Bàbá mi, mo ti jáde. Aago kan ti kọjá, orí àtẹ̀gùn kan náà ni mo wà.

Ìwé ìtumọ̀ mi ni mo kọ́kọ́ gbé sójú. Mo ka ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe kọ ọ́. Bàbá tó hanrun níjọ́sí ti gbé orí lé ògiri. Àǹtí Bísí wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ni Ìyá Risi bá na ọ̀pá rẹ̀ sí àwòrán.

"Alhaja rèé," ló wí. "Alhaja Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó." Ó yíjú sí mi. "Àna ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi, òkúta ló wà níbẹ̀. Mo dà á dojú délẹ̀.

"Inú ń bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ìyá," ni mo sọ sínú máìkì. "Àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ ti ń múra."

Ìyá Risi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Àna fún àwọn yòókù. Bàbá tó ń tòògbé là ojú, ó ní kò dáa, pé èèyàn kì í ti ìyàwó oníyàwó mọ́lé. Ìyá kan ní kí ìyàwó kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkọ ṣe fún un tó fi kó ẹrù. Wọ́n ń bára wọn fà á, èmi ń sọ̀rọ̀ gba àárín wọn kọjá bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ ibi tí mo ti ń rí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní pẹ́ tán lẹ́nu mi.

Nígbà tó yá, Mufu jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí. Iná ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Iná náà kú, Àǹtí Bísí gbójú sókè, ó ń retí ohun tí mo kọ sínú ìwé.

"Wọ́n mú iná lọ ni," ni mo wí.

"Wọ́n á mú un wá," ni Ìyá Risi dáhùn, kíá, bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá la wí i kẹ́yìn. Àwọn yòókù wí i tẹ̀lé e. Bàbá, ẹkún gbọ̀n mí nídìí máìkì, mi ò lè dá a dúró.

Ilẹ̀kùn wá ṣí. Ìmọ́lẹ̀ funfun bo gbogbo àwòrán, ojú ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà máa fi lọ, Àna ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń fò lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé òkúta ti padà sípò. Ẹnu mi ò gbé e, mo dákẹ́ títí ó fi parí. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ní ìyàwó ńkọ́. Àǹtí Bísí ní òun ò mọ ibi tí mo ti rí ìtàn yẹn, àmọ́ èmi ni màá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, bí mo bá mú òpin rẹ̀ wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwọn àgbà náà ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ ọ.

Mo di Ìyá Risi lọ́wọ́ mú, a ń sọ̀kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Sọ́ńdè ọjọ́sí. Mo ní èmi ni mo jẹ́ kí gbogbo ìsọ̀ mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, mo dójú tì yín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé a ò mọ̀?" ló wí. "Bàbá Risi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Tá a bá ti dé yàrá, ó máa ń sọ òótọ́ ẹ̀ fún mi, òkúta yẹn, gbogbo ẹ̀. Ó ní òkúta yẹn ò dùn. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ Àna máa já sí lòun ń fẹ́ mọ̀. Ó bi mí léèrè ẹ̀ títí ó fi kú." Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wò mí lójú. "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ ẹ̀, ṣé Àna gba ìyàwó ẹ̀?"

Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́, èsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, èmi ni mo sì pa yín lẹ́nu mọ́ nígbà tó ku kásẹ́ẹ̀tì kan.

Bàbá mi, nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí, ṣé ìyàwó bá a lọ, àbí ó dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn pé kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ parí.