Abọ́ Kékeré Níwájú Ilẹ̀kùn Mi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹjọ, 1974. Àdúgbò Half Die, ní ìlú Banjul.

Apòògùn ní oògùn ọgbẹ́ inú tí mò ń lò ló ń dá oúnjẹ dúró nínú mi. Èmi rò pé ọgbẹ́ náà ló ń le sí i, mo ti sọ hóró kan di méjì! "Àbúrò, padà sí ọ̀kan. Máa jẹun díẹ̀díẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Inú abọ́ ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ti ń jẹun. Lọ́sàn-án, ìyá onílé tún ń ti ẹja síwájú mi: "Alákọ̀wé, jẹun! Àbí ọbẹ̀ mi ò dùn ni?"

Bí wọ́n bá mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn, ta ni yóò tún bá mi jẹun? Mo jẹ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, mo bì. Ìrẹsì ọ̀sán ló jáde, kò tíì dà rárá.

Ìyá onílé gbọ́. Ó ti gbé abọ́ kékeré kan síwájú ilẹ̀kùn mi, ti èmi nìkan. Àánú ni, àbí wọn ò fẹ́ bá mi jẹun mọ́?