Àjà Alámọ̀ Ilé Bàbá Wa

Ìkọ̀lé, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń rí mi lára.

Ó ti wó ilé bàbá wa, àtògiri àtàjà alámọ̀ tí wọ́n tẹ́ lé orí igi, ó kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló fi kọ́ tuntun. Ike funfun ló fi ṣe àjà.

Òun náà ló jókòó tì mí lónìí, rédíò létí, ẹ̀rù ogun ń bà á. Ó ní, “Ìwọ tó ò ń kọ́ wọn ní físíìsì, bí wọ́n bá ju bọ́ǹbù átọ́míìkì, tí afẹ́fẹ́ gbé eruku rẹ̀ débí, ulé wo la máa sá wọ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, orí òrùlé leruku yẹn máa bà sí. Ìtànṣán olóró inú rẹ̀ máa ń gba páànù àti ike kọjá. Amọ̀ tó nípọn, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló ń dín in kù.”

Ó ní ilé alámọ̀ ń tini lójú láwùjọ. Ó tún wá bi mí pé ibo wá ni ká sá sí.

Mo nàka sí ààtàn, níbi tó da amọ̀ ilé bàbá wa sí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.