Ìdí Ọmọ Ẹni

Ọjọ́ Ajé, 1 Fẹ́búárì 1988

Kọ́mú mi já lónìí, láàárín ọjà Ajángbádì. Òkìrìkà ni. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, ìdajì àyà ló ń gbé, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú, mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó sún mọ́ mi jù. Fàúsátù ni télọ̀ náà ń jẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Ó wọn àyà mi. Ó tún un wọn. Ó ní, "Màmí, ẹ ò tóbi jù o. Ẹni tó rán kọ́mú yín ló ń ṣahun."

Ó ṣa àgékù lésì nílẹ̀, ó rán òmíràn fún mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bí Jídé, ó di ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò tíì mí kanlẹ̀ bí mo ṣe mí lónìí.

Ọjọ́rú, 3 Fẹ́búárì

Mo padà lọ bá Fàúsátù. Àgékù aṣọ dé kókósẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe. Ó ní wọ́n ń jó o ni, gbogbo télọ̀ Ajángbádì ló ń jó tiwọn lẹ́yìnkùlé, ikọ́ ni wọ́n fi ń kí ara wọn láràárọ̀. Èyí tí wọn ò bá jó, wọ́n á dà á sí gọ́tà, òjò á sì gbé e padà wá kí wọn nínú ilé.

Mo ní ká má jó o mọ́. Ká fi rán kọ́mú àti pátá àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Fún gbogbo obìnrin — àwọn tó sanra, àwọn tó tín-ín-rín, arúgbó, aboyún, ẹni tí ìdí rẹ̀ pọ̀ àti ẹni tí kò ní rárá. Ẹni tí ọjà ò bá rántí, àwa á rántí rẹ̀.

Fàúsátù wò mí títí. Ó ní, "Màmí, orí yín ò pé. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Fẹ́búárì

Orúkọ ló kù. Fàúsátù fẹ́ "Fausat and Mummy Fashion". Mo ní rárá. Òwe kan wà tí ìyá mi kì í fi í ṣeré: ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Èwo ló tún bá iṣẹ́ wa mu jùyẹn lọ? Ìdí Ọmọ Ẹni. Fàúsátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé abẹ́rẹ́.

Ìṣòro kan péré ló wà. Fáìlì.

Fáìlì ni ọkọ mi, Joseph. Ọ́fíìsì rẹ́jísírà ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí nǹkan tí kò ní fáìlì nílé wa, títí kan rìsíìtì iná 1979. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ díákónì lọ́jọ́ Àjíǹde, àtìgbà tó ti gbọ́ ló ti ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Mo ní mo fẹ́ fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ó ní irú aṣọ wo. Mo ní aṣọ tí ojú kì í sábà rí. Ó ní, "Àwọn aṣọ olówó ńlá nìyẹn." Mi ò já a nírọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Fẹ́búárì

Rọ́bà kọ́mú àti pátá ti dọ̀wọ́n. Fàúsátù wá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an mọ́ kọ́mú. Èmi ni mo kọ́kọ́ dán an wò, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹríba láti gbàdúrà — fíín. Mo dìde — fíín. Nígbà tí pásítọ̀ ní ká wólẹ̀, ìlà tiwa nìkan ló ń súfèé. Fáìlì ń wo abẹ́ àga, ó rò pé eku ni.

Rọ́bà kẹ̀kẹ́, ó dìgbóṣe.

Ọjọ́bọ̀, 18 Fẹ́búárì

Àgékù jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Ó ń na fúnra rẹ̀, kò nílò rọ́bà. Àpò mẹ́ta la rí kó lọ́dọ̀ àwọn tó ń rán jẹ́sì ní Òjó. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a bá wọn gbálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Fẹ́búárì

Sàdíátù wá lọ́sàn-án yìí, sí yàrá iwájú wa, níbi tí Fàúsátù ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Mo mọ̀ ọ́n, òun ni táípísì ọ́fíìsì Fáìlì. Gbogbo ọjọ́ ni Fáìlì ń ráhùn nípa rẹ̀ nídìí oúnjẹ: táípísì mi ti ń lọ́ra, táípísì mi kì í gbójú sókè mọ́.

Ó fi báàgì há àyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò lọ. Fàúsátù bá a gba báàgì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n gé ọmú òsì rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ táípù, òsì ló fi ń di báàgì mú. Ẹ̀yin ènìyàn, oṣù mẹ́sàn-án. Ọkọ mi sì ń pè é ní ọ̀lẹ.

Fàúsátù fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó kù, ká lè mọ irú ìkejì tí a máa rán fún un." A fi òwú sí i, ó fúyẹ́ jù. A wá da ọkà bàbà díẹ̀ mọ́ òwú náà, ó sì wúwo bó ṣe yẹ. Sàdíátù wo dígí. Ó ní bí ebi bá pa òun níbi iṣẹ́, òun ti gbé oúnjẹ dání. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe sọ fún ọ̀gá òun. Mo ṣèlérí. Lẹ́yìn tó lọ, mo sunkún gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Fẹ́búárì

Ládépọ̀ tó ń kun bọ́ọ̀dù parí tiwa. IDI OMO ENI, lẹ́tà pupa gàdàgbà, ó hàn láti òdìkejì títì. Mo ní kó ya òdòdó sí i nísàlẹ̀. Ó ya nǹkan róbótó méjì tó fara ti ara wọn. Ó búra pé òdòdó ni.

Fáìlì dé. Ó dúró níwájú bọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n fún ní kúẹ́rì. Ó wọlé, ó wo kọ́mú àti pátá tí a fi kọ́ sára ògiri, ó tún jáde lọ kà á. Ó ní, "Ìyá Jídé, aṣọ tí ojú kì í rí?" Mo ní, ṣé ẹ ti rí i rí lójú pópó ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní díákónì wo láyé yìí ló ń gbé ẹ̀yìn ìdí. Mo ní, ọdún mẹ́jọ rèé tí ẹ ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Ìdí Ọ̀pẹ níwájú ilé wa níbí, mi ò rí i kí ẹ tijú. Ó ní ìdí igi nìyẹn, èyí ìdí èèyàn ni.

Ó wá fàṣẹ sí i. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde bá mọ́ bá bọ́ọ̀dù yẹn lára ilé òun, òun fúnra òun á yọ ọ́, yàrá iwájú á sì padà di yàrá àlejò. Ilé rẹ̀ ni lóòótọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú fáìlì.

Inú mi bàjẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, mi ò sì ní fi ìkankan sunkún. A lọ dán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wò létí ọ̀sà Òjó. Àlàájà Ìbíyẹmí ló ni ín, ìyá arúgbó ọmọ Àwórì tó ń yan ẹja. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, inú omi ló dàgbà sí. Ìró ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí ìró bá omi lọ. Ó fẹ́ èyí tó bò ó láti ọrùn dé orúnkún, Mẹ́kà lòun ti dé. Jẹ́sì la fi rán an. Nọ́ńbà 9 bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, àṣìṣe Fàúsátù ni, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àlàájà ní bísímílà, ó bẹ́ sómi. Atẹ́gùn wọ inú aṣọ. Ẹ̀yìn Àlàájà wú bí àkàrà nínú epo. Kò lè rì mọ́, bó ṣe wù kó gbìyànjú. Nọ́ńbà 9 ń léfòó lọ lórí ọ̀sà, àwọn Ègùn inú ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo sáré bẹ̀ ẹ́ nígbà tó jáde, mo ní a máa tún un rán. Ó gbá aṣọ mọ́ra. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé tí nǹkan ń gbé èmi náà láyé yìí."

Ó ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá wọn ara.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀, ìjì líle. Ọ̀pẹ iwájú ilé wó. Kò pa ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 16 Máàṣì

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lójú títì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sá.

Ọ̀pẹ ò sí mọ́, kò sí Ìdí Ọ̀pẹ mọ́ nìyẹn. Àwọn kọ́ńdọ́ nílò orúkọ fún bọ́sítọ́ọ̀pù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí bọ́ọ̀dù wa. Ní Mọ́ńdè, wọ́n ń pè é ní "Ìdí Ọmọ Ẹni". Lánàá, wọ́n gé e kúrú. Ní gbogbo òní ni mo ń gbọ́ ọ láti ibi ẹ̀rọ ìránṣọ: "Ìdí wà ń'bẹ̀? Ìdí! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o." Àwọn èrò á dáhùn pé, "Ìdí wà o!" Fàúsátù á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Ó wà, ó sì pọ̀, ẹ wọlé."

Oníbàárà mọ́kànlá lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Máàṣì

Fáìlì pẹ́ kó tó dé. Bàtà rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Mo bi í títí kó tó sọ ọ́.

Ó ní òun pariwo "Ìdí Ọ̀pẹ wà o" nínú bọ́ọ̀sì. Kọ́ńdọ́ ní, "Bàbá, ọ̀pẹ ti wó. Ìdí tó kù ni kẹ́ ẹ dárúkọ." Òun kọ̀. Òun tún pariwo Ìdí Ọ̀pẹ. Dẹ́rẹ́bà ò fọwọ́ kan bíréèkì. Ìjàníkìn ni wọ́n gbé e dé, ó sì fẹsẹ̀ rìn lára ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀, torí kọ́ńdọ́ tó fẹ́ gbé e padà ti ń pariwo "Ìdí, Ìdí" kó tó gùn ún.

Mo gbé omi gbígbóná fún un, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo fi ìró bo ẹnu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Máàṣì

Ó ti ń bọ́ọ́lẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó ṣáájú tiwa báyìí, ó ń rìn wálé. Ikùn rẹ̀ ti ń fà. Ó yẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Máàṣì

Kò sí ẹ̀rín lónìí. Fáìlì gbé ẹ̀bà sílẹ̀ láàárín. Ó ní Sàdíátù wá bá òun lọ́fíìsì. Ó gbọ́ pé a máa ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Àjíǹde, ó fẹ́ gba àyè wákàtí kan kó wá rán èkejì kó tó pẹ́ jù. Fáìlì ní èkejì kí ni. Sàdíátù sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìdúró, láìfi báàgì bo ara.

Fáìlì ní, "O mọ̀, o ò sọ fún mi." Mo ní mo ṣèlérí ni. Ó ní, "Ìwé ìkìlọ̀ méjì ni mo ti kọ fún ọmọ yẹn, pé ó ń lọ́ra."

Ó fọwọ́. Ó jáde lọ dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó pẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń rò. Mi ò lè bi í. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Máàṣì

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Fàúsátù ti ń di àgékù sínú àpò, ó ní bó bá di dandan, òun á padà sí Ajángbádì. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 30 Máàṣì

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí n má fi kún un.

Mo ń bọ̀ láti Òjó pẹ̀lú àpò àgékù jẹ́sì kan, mo wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì. Ní ẹnu géètì yunifásítì, àwọn ọmọ ilé-ìwé rọ́ wọlé, Fáìlì sì wà láàárín wọn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Iwájú ló jókòó. Kò rí mi. Mo gbé àpò sókè bojú. Àwọn ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n, òun ló ń buwọ́ lu ìwé wọn. "Ẹ káàsán, sà." Ó dáhùn bí díákónì.

A kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù tó ti máa ń bọ́ọ́lẹ̀. Kò dìde. Mo rò pé oorun ń kùn ún.

Kọ́ńdọ́ pariwo pé, "Ìdí! Ìdí wà ń'bẹ̀?" Mo gbọ́ tí Fáìlì wúkọ́, bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, ketekete, "Ìdí Ọmọ Ẹni wà o."

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu. Kọ́ńdọ́ ò sì ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìdí ta lẹ wí?"

Ọkọ mi tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ti ìyàwó mi."

Ọkọ̀ dàrú. Dẹ́rẹ́bà fi orí lé sítíárì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bọ́ọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò wo ẹ̀yìn. Èmi ò lè dìde. Mo ń sunkún sínú àpò jẹ́sì. Bọ́sítọ́ọ̀pù tó tẹ̀ lé e ni mo tó bọ́ọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ó ti bọ́ kóòtù, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò. Mi ò sọ pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe Ládépọ̀ wá. Mo rò pé ó fẹ́ kó wá yọ bọ́ọ̀dù ni. Ó ní bọ́ọ̀dù yẹn ò ní àmì ohùn kankan lórí, bí yóò bá wà lára ilé òun, kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó ní kó sì pa òdòdó yẹn rẹ́, torí kì í ṣe òdòdó.

Mo bu oúnjẹ. Mo kó ẹran tó wà nínú ìkòkò lé e lórí, gbogbo rẹ̀, títí kan tèmi. Ó wo àwo, ó wò mí.

Ó ní, "Ìyá Jídé, kí ni ìdí gbogbo èyí?"

Kó tó pa ẹnu dé, ó ti gbọ́ ohun tó sọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi tutù.