Arúgbó Orí Alùpùpù àti Ojú Bàbá Mi

                                        Ilé Atúnagoṣe,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń fi ọṣẹ ìfọyín kun ògiri? Ní tiwa, a dúpẹ́, koko lara wa le. Ojú bàbá mi nìkan ló fẹ́ sọ mí di wèrè, òun ni mo sì fẹ́ ròyìn.

O rántí ìwé ìtàn alàwòrán tí mo ní kí o máa rà, Arúgbó Orí Alùpùpù? O ní ìwé ọmọdé ni, o yọ ṣùtì sí mi. Ó dáa. Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣooṣù ló ń jáde. Ìtàn ìyá arúgbó kan ni, tí ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò padà wálé mọ́. Ni arúgbó bá so aago ògiri ọkọ náà mọ́ iwájú alùpùpù, ó ń wá a láti ìlú dé ìlú, ó sì ń bá gbogbo ẹni tó bá pàdé jà. Ẹ̀dà mẹ́tàlélógún ti jáde báyìí, kò tíì rí ọkọ. Ó ti rí búrẹ́dì.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún bàbá mi. Ojú yẹn ni bàbá fi ń tún aago ṣe láti ogójì ọdún. Ti òsì ò ríran dé ibi kankan. Dọ́kítà fi bandéèjì bo ti ọ̀tún, ó ní fún ọ̀sẹ̀ méjì wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, kí wọ́n ṣáà jókòó jẹ́ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú náà lè fọ́ pátápátá. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kí bàbá mi jókòó? Lọ́jọ́ kìíní, abẹ́ tábìlì ni mo ti bá wọn, wọ́n ń táràrà, wọ́n ní irin aago kan já bọ́. Lọ́jọ́ kejì, àpótí irinṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé. Mo bẹ̀, mo bínú. Ẹ̀rù ń bà mí gidi, nítorí bí ojú yẹn bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, bí iṣẹ́ bá sì lọ, mi ò mọ ohun tó máa kù fún bàbá mi láti jí sí.

Nígbà tí ọgbọ́n tán, mo mú ẹ̀dà kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Wọ́n pòṣé. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Kí ló wà nínú àwòrán yẹn?” Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Aago iwájú alùpùpù ńkọ́? Mélòó ló lù?” Mo ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣí ojú ewé, aago ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á ṣírò ìrìn arúgbó, wọ́n á ní, “Ó bọ́ sí i. Ẹni tó ń yà á yìí mọ iṣẹ́.” Ẹ̀dà méjì sí mẹ́ta lóòjọ́, bàbá ò dìde àfi tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìwé tán. Oníwèé-ìròyìn ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn bàjẹ́, ẹ̀dà kẹtàlélógún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo ṣe wọlé, bàbá ti ń dìde bọ̀: “Ṣé ó ti dé?” Mo ní ó ti dé. Ọ̀rẹ́ mi, ìwé àlàyé ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ni mo ṣí sórí itan. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka Arúgbó Orí Alùpùpù nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo mú un sọdá odò, mo mú un bá onígbàjámọ̀ kan jà, mo tilẹ̀ jẹ́ kí panápaná kan dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Bàbá ní kò yẹ abilékọ, ṣùgbọ́n kí n máa kà á lọ.

Wọ́n ti tú bandéèjì báyìí, ojú ríran kedere, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀dà kẹtàlélógún jáde níjẹta, bàbá sì lọ rà á fúnra wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń kà á, èmi ń gbá ibi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa á dé, wọ́n ní, “Panápaná dà?” Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá, tèmi ò tó ogún ọjọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Bàbá ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Arúgbó kúrò nílé láago márùn-ún, ó dé odò láago mẹ́rin. “Ọmọ atúnagoṣe tí kò mọ aago,” ni wọ́n wí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wá dìde nígbà náà.

Wọ́n ní, “Ohùn rẹ ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ojú mi ń bà ọ́ ju bó ṣe ń ba èmi alára lọ. Mo ní kí n jókòó fún ọ.”

Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́ fún ọ. Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n gbé ìwé tuntun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fara ti àga, wọ́n di ojú tó ríran kedere yẹn, wọ́n ní, “Panápaná ọ̀hún, ṣé ó padà fẹ́ ẹ?”

Nítorí náà, ra ìwé yìí láti ẹ̀dà kìíní. O ò ní kábàámọ̀. Panápaná nìkan ni kí o má wulẹ̀ wá, inú pálọ̀ wa ló ń gbé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fa àwọn ìbejì létí díẹ̀ fún mi. Ibí ni mo ti fẹ́ dúró, bàbá ti jókòó, wọ́n ń pè mí, mi ò sì tíì mọ ohun tí arúgbó máa ṣe lónìí.

                                        Èmi ni tìrẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,
                                        Olóhùn-iyọ̀.