Ìṣákọ́lẹ̀ Oko Inú Kọ̀ǹpútà

Agosasa,
Oṣù Kọkànlá, 2019.

Rọ́fíàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń ṣe ní Ìkẹjà kò ba ojú rẹ jẹ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ gba ìyà, ohun tí o bá kó jọ kò ní di ti olè, àmín. Ìyá rẹ Sàlímọ́tù ní kí n kí ọ, ó ní ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́. Àlàáfíà la wà, àfi bọ́dà tí ìjọba tì pa yìí tó fẹ́ sọ wá di aláìríṣe. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ ta epo bẹntiróòlù ládùúgbò wa mọ́, àwọn aṣọ́bodè sì wà ní gbogbo ìkóríta, bí èèyàn bá gbé àpò gààrì kọjá báyìí, wọn á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìrẹsì ni.

Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kàn, nítorí bàbá rẹ ti borí!

O rántí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí o fi sílẹ̀ nílé, tí ètò tí wọ́n ń pè ní Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò wà nínú rẹ̀. Mò ń tọ́jú rẹ̀ gidi. Ìgbà tí o sọ pé kòkòrò máa ń wọ kọ̀ǹpútà, mo fi káńfọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kòkòrò kankan ò sì yọjú títí dòní. Láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, tí àwọn òbí ò rí owó ilé-ìwé san, ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kún pálọ̀ mi. Ẹ̀rọ náà á bi wọ́n ní ìṣirò, bí wọ́n bá gbà á, á kọ ọ́ sójú pé O káre, wọn á sì hó yèè. Àwọn tíṣà Òkè-Ọ̀dàn gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní kò séwu, o ní ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ti kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe mọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀, kí n máa pín in. Ni Sẹ̀kínát, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, bá dà á sínú àwọn síídì. Bó bá ti da ọ̀kan tán, èmi á lọ wo inú kọ̀ǹpútà bóyá ó ti dínkù. Kò dín rárá! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Mo kó síídì fún Ayọ̀dàmọ́lá ọlọ́kadà pé kó gbé e lọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Níbi tí wọ́n ti dá ọ̀nà, ọ̀gá obìnrin kan tú àpò rẹ̀, ó bèèrè ìwé ẹrù, kò sí. Ó bèèrè ẹni tó ni ín, Ayọ̀dàmọ́lá ní kò sẹ́ni tó ni ín. Háà! Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Wọ́n gba síídì, wọ́n gba máṣìnì mọ́ ọn. Máṣìnì tó fi ń bọ́ ìyàwó àti ìbejì! Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń sunkún, ìyá rẹ sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gba máṣìnì.

Inú bí mi. Mo wọ dàńṣíkí mi tó dára jù, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé ọmọ mi tó jẹ́ ọ̀gá nínú kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ti sọ pé oko tí wọ́n pa tì ni. Obìnrin náà ò jágbe mọ́ mi. Ó ní, Bàbá, ilẹ̀ tí bàbá òun ní nílé, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti dáko níbẹ̀, ṣé ó ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àdá débẹ̀ nìyẹn? Ó ní kí n lọ mú olóhun wá. Rọ́fíàt, èmi ló ń bi bẹ́ẹ̀ o! Èmi tí mo fa ènìyàn lọ sí kọ́ọ̀tù lórí igbó bàbá mi, igbó tí mi ò tíì fi ọkọ́ kàn!

Ó wá yé mi pé ilẹ̀ onílẹ̀ la ń ro láì gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ orúkọ onílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ṣe ètò náà, ò fara sin, bí a bá ti tan ẹ̀rọ náà ló máa ń yọ: Mákindé, Ayétòrò. Mo di iṣu, mo mú ìgò epo pupa, mo mú àkùkọ kan, mo gba Ìlaròó kọjá. Mo ń bèèrè láti ilé dé ilé títí wọ́n fi júwe bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n forí jì mí, mo ti dáko sórí ilẹ̀ wọn láìtọrọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti jẹ níbẹ̀. Baba ní àwọn ò nílẹ̀ ní Agosasa. Mo ní ó wà, inú kọ̀ǹpútà ni. Baba wo ìyàwó wọn, Màmá Edith, ọmọ òdìkejì bọ́dà. Màmá náà wo àkùkọ. Wọ́n rò pé orí mi ti yí.

Nígbà tí mo dárúkọ Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò, Baba dìde dúró. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń jà lé e lórí. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ni omi bá lé ròrò sójú wọn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tà á ló kú, àwọn ò kú, iṣẹ́ àwọn sì ni títí di òní, àwọn kàn rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó láyé yìí mọ́ ni. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan bèèrè ni, àwọn ì bá ti fún un tipẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé kí ẹni tó bá wù máa dà á, kó máa fún ẹlòmíràn, kó ṣáà má tà á, kó má sì yọ orúkọ àwọn kúrò. Wọ́n mú iṣu kan ṣoṣo nínú ẹrù mi, wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ àwọn pé.

Ilẹ̀ mọ́, Baba fúnra wọn bá mi wọ mọ́tò. O ì bá rí mi lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè! Mo ń yan níwájú. Ọ̀gá obìnrin yẹn ka ìwé, ó wo Baba, ó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì ti máṣìnì Ayọ̀dàmọ́lá jáde pẹ̀lú síídì rẹ̀. Ayọ̀dàmọ́lá fẹnu ko táyà! Ọ̀gá náà wá rọra sọ pé ìṣirò ń da ọmọ òun láàmú, Baba fún un ní síídì kan. Mo ní kó má gbàgbé ìṣákọ́lẹ̀ o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣàwàdà. Baba gun ọ̀kadà, ó di Òkè-Ọ̀dàn, Ayọ̀dàmọ́lá ń fun fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé ilé-ìwé, àwọn tíṣà sì tú síta.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ inú fóònù lo máa fi gbà, kọ orúkọ rẹ sí i gàdàgbà pé ìwọ lo ni ín, kí àwọn tó wà lójú ọ̀nà má baà dá a dúró.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Baba bi mí pé ta ló kọ́kọ́ lo ètò yẹn nílé mi. Ìwọ ni mo dárúkọ. Ibẹ̀ lo ti kọ́ ìṣirò tó gbé ọ dé Ìkẹjà, òun lo fi ń jẹun, ìwọ lo sì sọ pé kò lólóhun. Má fi iṣu tìrẹ rán mi o. Gbé e wá fúnra rẹ, kí Baba rí ojú ọmọ tí wọ́n kọ́ láìmọ̀.

Ọ̀nà á là fún ọ, ibi tí o bá dé, wọn á yẹ́ ọ sí.

Èmi bàbá rẹ,
Ṣàíbù.