Dírẹ́bà Tí Ọmọ Mi Yọ Níṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tó ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀ ẹrù láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ ọkọ̀,

Ṣé dáadáa lo jí? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Yàrá tí o gbà ńkọ́, ṣé òrùlé rẹ̀ kò jò? Olúwa yóò máa lọ síwájú rẹ, yóò sì máa wo ẹ̀yìn fún ọ. Bíréèkì rẹ kò ní já lórí òkè, epo rẹ kò ní tán sínú igbó, ẹni tí kò mọ ọ̀nà kò ní gba ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí o bá rí i tí ìlà wọ́ bíi ọ̀nà tí àgbàrá ti gbẹ́, má bínú, ojú ló ń ṣe mí. Bí o bá ń béèrè wa, a wà. Òjò àkọ́rọ̀ ti gbé ọ̀nà omi ẹ̀yìnkùlé lọ. Káfíńtà tó múlé tì wá ti so ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ara ògiri wa láìbèèrè, ó ní ará ilé kan náà ṣáà ni wá, mo sì gbà fún un, torí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, èmi kò sì ní nǹkan kan mọ́ tó ń fi táyà rìn.

Lẹ́tà tí o kọ lọ́dún tó kọjá, tí o fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. O ní ò ń tọ́jú àwọn dírẹ́bà bọ́ọ̀sì. O ní bí wọ́n bá bàjẹ́ ìwọ lo máa ń tún wọn ṣe, àti pé inú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, tí o fi Òyìnbó kọ ní “kernel”, ni gbogbo wọn ń gbé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wọ bàtà lọ sí ibi tí àwa dírẹ́bà àtijọ́ máa ń jókòó sí, mo ní ẹ gbọ́ o, ọmọbìnrin mi tí ẹ ní kí n má kọ́ ní ọkọ̀ wíwà, òun ló di ọ̀gá lórí àwọn dírẹ́bà sójà ńlá kan. Ohun tí kò yé mi ni bí ènìyàn ṣe ń tún dírẹ́bà ṣe. Nígbà tiwa, dírẹ́bà tó bá bàjẹ́, ọtí ló bà á jẹ́, ilé ni wọ́n sì máa ń ní kó lọ. O tún ní ẹnikẹ́ni ló lè wá mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, pé iṣẹ́ mìíràn ló ń bọ́ ọ, àti pé ìgbà tó yẹ kí o sinmi lo fi ń ṣe èyí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà ti sú mi. Sójà tó ń gba owó oṣù, tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa tọ́jú dírẹ́bà òun lásán! Bá mi kí i, ṣùgbọ́n má kí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. O mọ̀ pé àyà ìyá rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, lórí ìkejì ló ti máa ń dúró bíi ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa ní ẹ̀rọ kan tí ń gbọ́ àyà. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ìlà á máa fò sókè fò sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bíi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ìlà náà bá sì ti rí ni nọ́ọ̀sì àgbà fi ń mọ iye oògùn tí yóò fún un. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn kan wá tú inú kọ̀ǹpútà náà dà, wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ jù, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti yadi. Wọ́n á so wáyà, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ lọ jókòó síwájú rẹ̀ bíi ẹni tó ń dúró de fọ́tò, tó sì wọ aṣọ rẹ̀ padà wálé.

Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo pè ọ́. Obìnrin tí o gbà síṣẹ́ pé kó máa gbé fóònù rẹ ló ń gbé e. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wí, pé n kò lè bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí, kí n pè nígbà mìíràn. Ní ìpè karùn-ún mo ní kò burú, ìránṣẹ́ ni í ṣe, mo jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, mo wá rán an sí ọ: mo ní sọ fún ọ̀gá rẹ pé àyà ìyá rẹ̀ kò dára, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ ti yadi, kó pè wá kíá. Mo tún un wí kó má baà gbàgbé. Mo dúró dè ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bí kò bá jíṣẹ́ fún ọ, ọmọ mi, lé e lọ, kò ní láárí.

Ìgbà tó yá ni nọ́ọ̀sì àgbà pe ọkùnrin kan tí í tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Onígíláàsì. Èmi náà jókòó tì í. Ó ṣí ojú kọ̀ǹpútà, ó di dúdú, àwọn ọ̀rọ̀ funfun wá ń ya lọ bíi ìjàlọ. Ó ní ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yọ kúrò. Mo ní bọ́ọ̀sì wo? Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìwòsàn yìí, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú kọ̀ǹpútà ni bọ́ọ̀sì tí òun ń wí, pé àṣẹ tí ènìyàn kọ fún kọ̀ǹpútà ni dírẹ́bà rẹ̀, bọ́ọ̀sì náà kò sì ní táyà. Mo ní abájọ tí kò fi rìn. Mo wá béèrè pé ta ló yọ dírẹ́bà náà níṣẹ́. Ó wá a títí, ó fi ìka tọ ìlà kan. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, orúkọ tèmi sì tẹ̀ lé e. Kí n tó ronú mo ti dìde, mo ti kígbe pé ọmọ mi ni! Ọmọ mi ni! Ìgbà tí mo rí ojú nọ́ọ̀sì àgbà ni mo jókòó.

Mo ní kó ka ohun tí o kọ sí i fún mi. Ó ní o kọ ọ́ pé ó ti gbó, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, ìtọ́jú rẹ̀ kàn jẹ́ ẹrù lásán ni, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ mi, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kàn mí rí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo fi wa ọkọ̀ wọn, aago ara ògiri ni wọ́n fi tì mí sílé. Ìwọ lo di àkàsọ̀ mú fún mi nígbà tí mo ń gbé e kọ́, o ń sunkún, o ní ìkà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Ìyá rẹ ń lò ó.

Onígíláàsì ní ibì kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ti ń kọ̀wé sí ọ, pé lẹ́tà ibẹ̀ kì í wọ àpò, ẹni tó bá wù ú ló lè kà á. Ó fẹ́ sọ fún ọ pé ìyá rẹ ni. Mo ní rárá. Mo ní kó kọ ọ́ bíi àlejò. Mo fẹ́ mọ bí ọmọ mi ṣe ń ṣe sí àlejò.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí o ti dáhùn. O kí i, o tọrọ àforíjì. O ní ọdún méjì lo fi kéde pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń lò ó kó wí. Mo ní akéde wo? Kò gba àdúgbò wa kọjá. O ní o kò ní irú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, pé kí Onígíláàsì jọ̀ọ́ máa dán iṣẹ́ rẹ wò fún ọ, kó máa sọ ohun tó bá rí. Báyìí ni ẹ ṣe fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. O ń rán iṣẹ́ wá, ó ń dán an wò, kò ṣiṣẹ́, o tún ń rán òmíràn. O kò jágbe mọ́ ọn rí. Nígbà tó ṣe àṣìṣe, o ní kò sí wàhálà, èmi ni n kò ṣàlàyé dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kó lè máa ka ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, torí láti ọdún méjì n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, mo jowú ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ńlá kan já lù yín, ó ní iṣẹ́ jágbajàgba lò ń ṣe, àwọn oníbàárà òun ń dúró, kí o yára. O bẹ̀ ẹ́! Mo béèrè lọ́wọ́ Onígíláàsì pé ṣé ọ̀gá rẹ ni, ó ní rárá, ó kàn ń fi iṣẹ́ rẹ jẹun ni. Ọjọ́ náà gan-an lo sọ fún Onígíláàsì, ẹni tí o kò rí rí, pé ìwọ nìkan ló kù nídìí iṣẹ́ náà, pé ọrùn ọwọ́ ń dùn ọ́, pé bí o bá rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ wàá gbé e sílẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tí o kọ sí wa, pé ara rẹ dá ṣáṣá ló wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ keje ni ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ kọ̀. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́, àlùmágàjí bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, kò rí i mú. Nígbà tó fẹ́ pè mí, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ọkọ̀ káfíńtà ni a fi gbé e, lórí ìyẹ̀fun igi, Onígíláàsì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi ni mo wà á, ojú mi yìí, mo wà á. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní àyà rẹ̀ ti ń fo ìlù, pé ìyẹn ló rán ẹ̀jẹ̀ dídì lọ sí ọpọlọ, pé bí wọ́n bá ti rí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, oògùn lásán ni ì bá ká a. Ẹnu rẹ̀ ti ń padà sípò. Ọwọ́ kò padà. Nígbà tí a dé, Onígíláàsì ní ìwé méjì láti ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń dúró. O ń béèrè bí ara ẹ̀rọ ṣe rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ṣiṣẹ́. Ìlà fò sókè, nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà rán ènìyàn wá, wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ wo bí ilé iṣẹ́ àwọn ṣe ń rántí àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo dìde, mo ní ọmọ mi ló ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ẹ ṣeun, wọ́n fún mi ní fìlà tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Mo jù ú fún adìyẹ inú ọkọ̀ yẹn.

Mo ń bínú sí ọ. Mo sì ń bínú sí wọn nítorí rẹ. Ìbínú méjèèjì ń gbé inú mi bíi orogún, bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á jí. Onígíláàsì ní n kò lè dá ọ lẹ́bi, pé ẹnì kan kò lè gbé ẹrù tí gbogbo ayé gbé lé e lórí kó má já ọ̀kan sílẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ tiwa ló já?

Fi owó oògùn ránṣẹ́, àti ti ẹni tí ń bá ìyá rẹ na ọwọ́. Fi owó fóònù tó lójú kún un, irú tí Onígíláàsì ń lò, torí mo fẹ́ kó fi orúkọ mi sílẹ̀ ní ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé yẹn. Mo ti rí i pé ibẹ̀ lo ti ń dá ènìyàn lóhùn. Ó ní wọn kì í kàn kí ènìyàn lásán níbẹ̀, ẹni tó bá dé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bàjẹ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó ti gbìyànjú. Bá mi wo èyí tí mo lè sọ tí wàá fi dáhùn, kí o kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, n ó ní kó dà á kọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di oúnjẹ ẹlẹ́gàn. Wàá rí ẹni bá ọ gbé e. Ọrùn ọwọ́ rẹ yóò san. Bí o ṣe ń sáré sí ọ̀rọ̀ àjèjì, àjèjì yóò máa sáré sí tìrẹ, ilé yóò sì gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá rántí ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá rẹ ń bẹ lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó béèrè ohun tí mo ń kọ tó gùn tó báyìí, mo ní mò ń kí ọ ni. Ó ní n kò gbọdọ̀ da ọkàn rẹ láàmú, pé kí n kàn sọ fún ọ pé ara òun le. Mo ti sọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.